Omi Tó Ní Àsìkò: Ìrìn-Àjò Ìpẹja Láti Mamu Dé Ìwòpin

Ẹni tó bá gba ọ̀nà àtijọ́ láti Ìbàdàn wá sí Ìjẹ̀bú-Òde yóò kan Mamu kó tó dé Orù àti Àgọ́-Ìwòyè. Ìlú àgbẹ̀ ni. Kòkó, obì, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ẹ̀gẹ́ ló yí i ká, igbó sì wà lẹ́yìn oko. Ọ̀pọ̀ ẹni tó kàwé ní Yunifásítì Olabisi Onabanjo, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Àgọ́-Ìwòyè ní 1982, ló ti gba Mamu kọjá láìmọye ìgbà láìbọ́ sílẹ̀ níbẹ̀ rí. Ojú fèrèsé ọkọ̀ ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n.

Èmi bọ́ sílẹ̀ níbẹ̀ nínú oṣù Kejì ọdún, nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn ti mú ilẹ̀ gan-an. Omi àwọn odò kéékèèké ti fà, ó ku ibú níhìn-ín, ó ku ibú lọ́hùn-ún. Àkókò yìí ni àwọn obìnrin àti ọmọdé máa ń gbọ́n odò. Wọ́n á fi ẹrẹ̀ dí òkè, wọ́n á fi ẹrẹ̀ dí ìsàlẹ̀, wọ́n á wá fi igbá àti abọ́ gbọ́n omi tó wà láàárín dànù títí àrọ̀ yóò fi máa jà pìtìpìtì nínú ẹrẹ̀. Inú gbogbo wọn ń dùn, ẹrẹ̀ sì kun ara wọn dé ọrùn. Ṣùgbọ́n mo ṣàkíyèsí pé ibú kan wà lábẹ́ igi ńlá kan tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn. Mo bi ìyá kan léèrè ìdí rẹ̀. Ó ní, "Ìyá odò nìyẹn. Bí a bá gbọ́n ún, kí ni òjò yóò bá nílẹ̀?"

Ọ̀rọ̀ yẹn ló ń bá mi lọ nígbà tí mo pinnu láti tẹ̀ lé omi lọ síbi tó ń lọ. Omi ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, gúúsù ni ó ń dojú kọ. Ó ń ti inú igbó wá, ó ń gba abẹ́ afárá kọjá, ó sì ń lọ sí ọ̀sà. Mo wọ ọkọ̀, mo gba Ìjẹ̀bú-Òde, mo gba Ìbíadé, mo dé Àbígí tí í ṣe olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ogun Waterside, mo sì sọ̀ kalẹ̀ ní Ìwòpin, níbi tí ilẹ̀ ti parí.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló rò pé ìpínlẹ̀ Ògùn kò ní etíkun. Ó ní in. Ogun Waterside ló fi kan Òkun Àtìláńtíìkì. Ṣùgbọ́n kí èèyàn tó dé òkun, ọ̀sà ni yóò kọ́kọ́ rí: ọ̀sà Lẹ́kì, tó tẹ́ lọ bí ẹní, tí ojú kò fi ní rí òdìkejì rẹ̀ dáadáa láàárọ̀ ọyẹ́. Fífẹ̀ rẹ̀ tó nǹkan bí kìlómítà 247 níbùú lóòró, síbẹ̀ kò jìn. Ibi tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ kò ju mítà 3 lọ, ibi tó jìn jù lọ kò sì ju mítà 6 àti díẹ̀. Odò Òní ń wọ inú rẹ̀ láti ìlà oòrùn. Odò Ọ̀ṣun náà ń wọ inú rẹ̀, Ọ̀ṣun kan náà tó ṣàn kọjá nínú igbó òrìṣà ní Òṣogbo, igbó tí àjọ UNESCO fi sára àwọn ogún àgbáyé ní 2005. Àwọn tó ń ṣe ọdún létí odò yẹn lóṣooṣù Kẹjọ lè má mọ̀ pé ìdí ọkọ̀ apẹja ní Ìwòpin ni omi náà ń bọ̀.

Ohun kan wà tó ya ọ̀sà yìí sọ́tọ̀ sí ọ̀sà Èkó. Kò ní ẹnu tirẹ̀ sí òkun. Omi rẹ̀ gbọ́dọ̀ gba ìhà Ẹ̀pẹ́ lọ sínú ọ̀sà Èkó kó tó rí ọ̀nà bọ́ sí òkun. Nítorí náà, iyọ̀ òkun kì í fi bẹ́ẹ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Omi tí kò níyọ̀ ni, ẹja omi tí kò níyọ̀ ló sì kún inú rẹ̀: àrọ̀, ẹ̀pìyà, ọ̀bọ̀kún, àti ọ̀pọ̀ mìíràn tí Ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́ fi lókìkí.

Bàbá kan tó ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún ló ṣe amọ̀nà mi. Wọ́n bí i sí etí omi, ó sì tọ́ ọmọ mẹ́fà nídìí ìwọ̀ àti àwọ̀n. Nígbà tí mo kí i pé, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá," ó wò mí láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó ní, "Ọmọ mi, ṣé o mọ omi wẹ̀?" Mo ní mo mọ̀ ọ́n díẹ̀. Ó ní, "Díẹ̀ kò tó. Wọ ẹ̀wù yìí." Ẹ̀wù aláwọ̀ ọsàn tí kì í jẹ́ kí èèyàn rì ni ó nà sí mi. Ó wọ tirẹ̀ náà. Ó ní ẹni tó bá gbójú lé ìmọ̀ọ́wẹ̀ rẹ̀ nìkan, ìjì ọ̀sán ni yóò kọ́ ọ lọ́gbọ́n.

Ago márùn-ún ìdájí ni a gbéra. Ìkùukùu bo omi, kò sí ohun tí mo rí ju orí ọkọ̀ lọ. Bàbá kò tan ẹ́ńjìnnì. Ó ní ariwo rẹ̀ máa ń lé ẹ̀pìyà kúrò ní ibi tí omi kò ti jìn, ó sì ń fi àjẹ̀ wa ọkọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ibi mẹ́ta ni a lọ. Ní àkọ́kọ́, a yẹ okùn gígùn kan wò tí ìwọ̀ tò sí lára, tí wọ́n fi ìjẹ sí lálẹ́ àná. Ní èkejì, a gbé ìgèrè tí wọ́n rì sẹ́bàá òṣíbàtà. Ẹ̀kẹta ni ó yà mí lẹ́nu jù: ọparun lásán, tí wọ́n gé ní gígùn apá, tí wọ́n so pọ̀ mọ́ okùn, tí wọ́n sì rì sísàlẹ̀ omi. Kò sí ìwọ̀ nínú rẹ̀, kò sí ìjẹ.

Bàbá rọra gbé ọparun kan sókè, ó fi àtẹ́lẹwọ́ dí ẹnu rẹ̀, ó yí i dà sínú agbọ̀n. Ọ̀bọ̀kún kan jáde, ó dán bí fàdákà. Ó ṣàlàyé pé ọ̀bọ̀kún fẹ́ràn ihò. Inú ihò ló ti ń sinmi, inú ihò ló sì ti ń yé, a sì máa ṣọ́ ẹyin rẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tó bá ri ọparun kọ́ ilé fún ẹja ni. Bó bá sì di ìgbà tí wọ́n ń yé, tó gbé ọparun tó rí ẹyin níbẹ̀, ó gbọ́dọ̀ dá a padà sómi láìjáfara, tìyá tọmọ.

Ó tún mú ẹ̀pìyà kan, ó la ẹnu rẹ̀ fún mi wò, ó ní kò sí nǹkan níbẹ̀ nítorí kò tíì tó àsìkò. Irú ẹ̀pìyà kan wà ní àwọn ọ̀sà ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà tó jẹ́ pé akọ ló ń gbé ẹyin sẹ́nu. Abo á yé, akọ á kó gbogbo rẹ̀ sẹ́nu, yóò sì gbé e rìn títí àwọn ọmọ yóò fi lè dá wẹ̀. Ní gbogbo àkókò yẹn, oúnjẹ kò fi bẹ́ẹ̀ kan ọ̀fun rẹ̀. Ẹni tó bá pa irú ẹja bẹ́ẹ̀, gbogbo ilé ló pa. Bàbá rẹ́rìn-ín, ó ní, "Àwọn ọkùnrin ìgboro, ẹ wá kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ ẹ̀pìyà."

Ìdí rèé tí ìpẹja lórí ọ̀sà fi ní àsìkò. Láti oṣù Kọkànlá títí dé oṣù Kẹta, omi a fà, a mọ́ lóló, ẹja a sì kó jọ sínú ibú àti ojú omi gbalasa. Àsìkò ìkórè nìyẹn. Nígbà tí òjò bá dé nínú oṣù Kẹrin, tó sì rinlẹ̀ dé oṣù Keje, omi a kún bo etí rẹ̀, a wọ inú igbó àbàtà lọ. Ẹja náà a tẹ̀ lé e. Àrọ̀ ní pàtàkì, omi tuntun tó bo koríko ló ń dúró dè kó tó yé, ara ewéko ni ẹyin rẹ̀ sì máa ń lẹ̀ mọ́. Etí àbàtà a wá di yàrá abiyamọ. Ẹni tó bá ta àwọ̀n dí ẹnu ọ̀nà ibẹ̀ nínú oṣù Kẹfà yóò pa ẹja púpọ̀ lọ́jọ́ kan, yóò sì pa ọdún tó ń bọ̀ mọ́ ọn.

Mo padà lọ sí Ìwòpin nínú oṣù Kẹfà láti fojú ara mi rí i. Òjò ti yí gbogbo nǹkan padà. Ibi tí a fẹsẹ̀ rìn nínú oṣù Kejì, ọkọ̀ ló ń gbà á kọjá. Ní ọjọ́ kejì tí mo dé ibẹ̀, ọkùnrin kan wá láti Èkó pẹ̀lú ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì. Wọ́n gbé ọ̀pá ìwọ̀ olówó ńlá àti àwọ̀n tuntun wá. Ó fẹ́ kí Bàbá mú òun lọ sí ẹnu ọ̀nà àbàtà kan tí wọ́n sọ fún un pé ẹja ń gbà wọlé bí ẹni ń wọ́ lọ sọ́jà. Ó ka owó sílẹ̀. Owó náà pọ̀ ju ohun tí Bàbá ń rí ní ọ̀sẹ̀ méjì lọ.

Bàbá ní, "Ọ̀gá, ẹ fi owó yín sápò. Ẹ padà wá lẹ́yìn ọyẹ́, n ó gbé yín dé ibi tí ẹ ó ti pa ẹja tí ẹ ó fi máa pìtàn. Ṣùgbọ́n a kì í wọ yàrá abiyamọ lọ jalè."

Ọkùnrin náà kò bínú. Ó dúpẹ́, ó sì rìn lọ bá ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ní ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì. Kò pẹ́ tí a fi gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì náà tó ń lọ sí ìhà àbàtà.

Mo bi Bàbá bóyá kò dùn ún. Kò díbọ́n. Ó ní, "Ó dùn mí. Owó ilé ìwé ọmọ ọmọ mi ló bá a lọ yẹn." Mo tún bi í bóyá ọ̀dọ́mọkùnrin náà kò mọ èèwọ̀ omi ni. Ó ní, "Ó mọ̀ ọ́n. Èmi ni mo kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, oṣù Kẹfà kò sì ní ẹja lójú omi. Kí ni kó jẹ?"

Ìbéèrè yẹn ni ó yẹ kí gbogbo ẹni tó fẹ́ràn ọ̀sà dáhùn. Èèwọ̀ nìkan kò lè tọ́jú omi nígbà tí ebi bá ń pa ẹni tó ń ṣọ́ ọ. Òfin wà: láti 1992 ni òfin ìjọba àpapọ̀ lórí ìpẹja inú odò àti ọ̀sà ti ka fífi májèlé tàbí ohun abúgbàù pa ẹja léèwọ̀, tó sì lòdì sí àwọ̀n tí ojú rẹ̀ há jù. Ṣùgbọ́n ọ̀sà gbòòrò, ẹni tí yóò máa ṣọ́ òfin kò pọ̀. Ewéko tó ń léfòó tí wọ́n ń pè ní water hyacinth, tó ti Gúúsù Amẹ́ríkà wá, tó sì wọ omi Nàìjíríà láti ìhà Àgbádárìgì ní 1984, ń dí ojú ọ̀nà ọkọ̀, ó sì ń ya àwọ̀n. Ilé iṣẹ́ ńlá tí wọ́n kọ́ sí Ìwòpin láti máa ṣe bébà, tí wọ́n tìtorí rẹ̀ gbin igi Gmelina lọ súà sínú igbó Ọmọ, kò ṣiṣẹ́ bí wọ́n ṣe gbèrò. Àwọn ọmọ tí ì bá rí iṣẹ́ níbẹ̀ padà sórí omi, tàbí kí wọ́n gba Èkó lọ.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí àwọn mìíràn ṣe yanjú irú ọ̀ràn yìí. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní Scotland, ẹja kan wà tí wọ́n ń pè ní trout. Omi tútù ló fẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń pẹ ẹ́ kì í fi ekòló dẹ ẹ́: ìyẹ́ ẹyẹ àti irun ẹran ni wọ́n ń so mọ́ ìwọ̀ kékeré kó lè jọ kòkòrò tó bà lé ojú omi. Ọ̀pọ̀ adágún tí wọ́n ti ń ṣe é ló ní olówó. Àlejò á sanwó, wọn á fi amọ̀nà tì í, wọn á sì sọ iye ẹja tó lè mú lọ fún un. Nígbà òtútù tí trout ń yé, wọ́n á ti ojú odò pa. Ní 1905 ni wọ́n kó irú ẹja yìí dé Kenya, wọ́n sì dà á sínú àwọn odò orí òkè tó tutù. Omi tiwa gbóná jù fún un, a kò sì nílò rẹ̀. Ohun tó yẹ kí a wò ni ètò rẹ̀: owó tí àlejò san nígbà tí odò ṣí ló ń bọ́ amọ̀nà nígbà tí odò bá tì.

A kò tilẹ̀ ní láti lọ jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Ní Argungu, ní ìpínlẹ̀ Kebbi, láti 1934 ni wọ́n ti ń ṣe ọdún ìpẹja tí gbogbo ayé mọ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún apẹja á fò sódò lẹ́ẹ̀kan náà pẹ̀lú akèrègbè àti àwọ̀n ọwọ́, wákàtí kan péré ni wọ́n sì ní. Kí ọjọ́ yẹn tó dé, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ pẹja níbẹ̀. Olóyè kan tí wọ́n ń pè ní Sarkin Ruwa ló ń mójú tó odò náà. Ọdún náà dáwọ́ dúró fún nǹkan bí ọdún mẹ́wàá nítorí ààbò tó mẹ́hẹ, wọ́n sì tún bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2020. Ìlú gbà kí omi sinmi nítorí pé ìsinmi náà lérè lórí. Bákan náà ni ní Ganvié, lórí adágún Nokoué ní orílẹ̀-èdè Benin: àwọn apẹja ń ri ẹ̀ka igi sínú omi kí ẹja lè fi ṣe ilé, ẹni tó ri igi ló sì ni ẹja ibẹ̀. Ẹni tó mọ̀ pé òun ni yóò kórè lọ́la kì í fi ìwàǹwára kórè lónìí.

Ohun tí mo gbà gbọ́ lẹ́yìn ìrìn-àjò méjèèjì ni pé owó tí àlejò bá ná lórí ọ̀sà ní ẹ̀ẹ̀rùn lè ra ìsinmi fún omi ní ìgbà òjò. Bí Bàbá bá rí àlejò mẹ́wàá gbé láàárín oṣù Kejìlá sí oṣù Kẹta, tí wọ́n sì san owó tó tọ́, yóò rọrùn fún un láti sọ pé rárá nínú oṣù Kẹfà. Bí ọ̀dọ́mọkùnrin ẹlẹ́ńjìnnì nì náà bá rí tirẹ̀ gbé, kò ní í sáré gba owó ẹni tó fẹ́ wọ àbàtà.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń wá ibi tí ẹ ó gbé ìdílé yín lọ nígbà ìsinmi, ẹ rántí etí omi yìí. Ẹ lọ nígbà tí ọyẹ́ bá ti kásẹ̀ nílẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ kí olórí àwọn apẹja, kí ẹ jẹ́ kó yan amọ̀nà fún yín. Ẹ fẹnu kò lórí owó kí ẹ tó wọ ọkọ̀, ẹ má sì yọ owó nínú ohun tó tọ́ sí àgbàlagbà tó jí ní ìdájí nítorí yín. Ẹ wọ ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kí èèyàn rì, kí ẹ sì wọ̀ ọ́ fún àwọn ọmọ. Ẹ padà sí èbúté kí ìjì ọ̀sán tó dé. Ẹja tí kò bá tó àtẹ́lẹwọ́, ẹ dá a padà. Bí amọ̀nà bá sọ pé ibì kan kò ṣeé lọ, ẹ má fi owó dán an wò.

Ẹ mú àwọn ọmọ dání. Àwọn àgbà ní ẹja tútù là ń ká. Bó bá ti gbẹ, kò ṣeé ká mọ́. Ọmọ tó bá ti rí ọ̀bọ̀kún nínú ilé ọparun rẹ̀, tó sì gbọ́ ìtàn bàbá tó ń gbé ọmọ sẹ́nu, kò tún ní í rí ẹja inú ọbẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀. Yóò mọ̀ pé omi ní àsìkò tirẹ̀, pé ẹnì kan sì wà létí ibẹ̀ tó ń fi ebi tirẹ̀ ṣọ́ àsìkò náà. Ó yẹ kí á bá a gbé díẹ̀ nínú ẹrù yẹn.